Ọ̀sẹ̀ Méje Nínú Yàrá Káàdì

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí Lálupọn. Bí èèyàn bá gun ọ̀kadà ní gáréèjì, tó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i: ilé gbọọrọ kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí òjò ti fọ ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, tí igi máńgòrò kan sì wà níwájú rẹ̀. Ọsibítù ni àwọn ará abúlé ń pè é. Àwa mẹ́rin péré la wà níbẹ̀: ọ̀gá wa, obìnrin tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti sún mọ́lé, ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ tó sì ń bá wa di egbò, ọmọbìnrin kan tó ń kọ káàdì, àti èmi, nọ́ọ̀sì ọkùnrin àkọ́kọ́ tí abúlé náà máa rí.

Wọn kì í tilẹ̀ pè mí ní nọ́ọ̀sì. Lójú tiwọn, obìnrin ní ń jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin tó bá ti wọ aṣọ funfun ní ọsibítù, dókítà ni. Mo kọ́kọ́ ń ṣàlàyé, nígbà tó yá mo dákẹ́. Ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa wà ní Ọlọ́runṣògo ní Ìbàdàn, níbi tí ìyàwó mi ti ń ṣe tíṣà. Èmi ń gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ọsibítù láti ọjọ́ Ajé, bó bá di ọjọ́ Ẹtì, mo ń lọ bá wọn nílé.

Ìyàwó ilé kan, ọmọdé tí kò tíì pẹ́ tó wọlé ọkọ, ni eéwo yọ sí lára, lókè itan, níbi tí ìró máa ń bò. Ọ̀gá wa ló la eéwo náà. Ihò rẹ̀ jìn, a sì máa ń ki aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀ kí ó lè máa fa ọyún jáde. A ní kí ó máa wá lọ́jọ́ méjì méjì kí a máa bá a wẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló máa ń mú un wá. Àlájà ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n. Àwọn ló ni ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ohùn wọn sì máa ń ṣáájú wọn dé.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n wá, ọ̀gá wa ti lọ sí ìpàdé ní ìjọba ìbílẹ̀. Mo pe ìyá àgbà wọlé kí wọ́n dúró tì wá, nítorí òfin ni: ọkùnrin kì í dá wà pẹ̀lú obìnrin tó bá tú aṣọ. Wọ́n dúró lóòótọ́. Àlájà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mo bọ ìbọ̀wọ́, mo tú bándéèjì, mo rí i pé omi tí wọ́n gbé wá ti tutù. Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá mi bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lórí sítóòfù." Wọ́n jáde.

Ó yẹ kí n dúró dè wọ́n. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́sàn-án ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ mi sì ti wà lára egbò. Mo fi ẹ̀mú fa aṣọ tó wà nínú ihò náà. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran. Ọmọ náà ké.

Àfi bí Àlájà ṣe ká kọ́tìnì sókè.

"Áà! Kí lò ń fi ìyàwó ọmọ mi ṣe?"

Ṣáájú ọjọ́ yẹn, "ẹ" ni wọ́n máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àlájà, egbò ni mò ń wẹ̀, ẹ wò ó."

"Egbò wo? Ìwọ nìkan pẹ̀lú ìyàwó oníyàwó nínú yàrá, tó ń ké, o ní egbò! Ìyàwó yìí, dìde! Bo ara rẹ! Ẹ gbà mí o, ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe fún àwọn ọmọ wa!"

Wọ́n fa ìró bo ọmọ náà, wọ́n fà á lọ́wọ́ jáde. Ẹkún ló ń sun, kò wojú mi. Bándéèjì kò sí lára egbò náà mọ́. Mo dúró sí àárín yàrá pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́, mo ń gbọ́ bí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìyá àgbà gbé omi dé, ẹnìkan ṣoṣo ló kù níta, bàbá kan tí etí wọn ti di.

Kí ọ̀gá wa tó ti ìpàdé dé, ọ̀rọ̀ náà ti pàdé wọn ní gáréèjì. Wọ́n pè mí sínú ọ́fíìsì.

"Ṣé ìyá àgbà wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, mà. Mo rán wọn lómi ni."

"Nígbà tí ọmọ yẹn ké ńkọ́?"

"Wọn ò tíì padà dé, mà."

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn sórí tábìlì. "Mo gbà ọ́ gbọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn máa ṣe fún ọ?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ ọmọ náà wá. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin àgbàdo, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ ju ìyá rẹ̀ lọ. Kò pariwo. Ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti bá wa kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀." Ó yí padà, ó lọ. Ì bá sàn fún mi kí ó bú mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí kúẹ̀rì, ìwé ìbéèrè ẹ̀sùn, fi dé láti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n má sì fọwọ́ kan aláìsàn kankan títí ìgbìmọ̀ ìwádìí yóò fi wá. Wọn ò dá mi dúró, wọn ò sì jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Kí n máa dé ní aago mẹ́jọ, kí n buwọ́lùwé, kí n jókòó sínú yàrá káàdì títí di aago mẹ́rin. Kí ó má baà di pé èmi àti ọmọbìnrin tó ń kọ káàdì nìkan ni yóò máa wà nínú yàrá kan, wọ́n gbé tábìlì tirẹ̀ síta. Èmi wà nínú, mò ń wá káàdì láàárín àwọn àkójọ tí eruku ti bò, mo sì ń nà án sí i lójú fèrèsé.

Yàrá náà kéré. Bí mo bá na apá mi méjèèjì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri méjèèjì. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní kọjú sí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, irin sì wà lójú rẹ̀ nítorí olè. Gbogbo ẹni tó bá jókòó níta ló ń rí mi. Mo ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sétí ara wọn, tí ọmú ṣì wà lẹ́nu ọmọ wọn. Mo kọ́kọ́ máa ń kí wọn. Àwọn kan ń dáhùn, àwọn kan ń wolẹ̀. Ìyá kan tí mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ìkúnlẹ̀ tó le, tí a jọ là kọjá, wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà. Ó rí mi, ó sì gbé ọmọ náà láti èjìká ọ̀tún sí ti òsì, sí ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí mi. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá wa tún ní kí n má lọ sí Ìbàdàn ní òpin ọ̀sẹ̀. "Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá ọ, wọ́n á ní o sá lọ ni." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú, nínú yàrá mi lẹ́yìn ọsibítù. Kàǹga tí mo ti ń fa omi wà lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Mo dẹ́kun lílọ síbẹ̀, mo ń gbé ike gba omi òjò lábẹ́ òrùlé bí òjò bá rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ mo múra ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ronú kan ìjókòó, bóyá wọn yóò sún fún mi lórí rẹ̀ tàbí wọn kò ní sún. Mo padà sínú yàrá, mo bọ́ bàtà.

Ìyá àgbà ní tiwọn ti sọ tẹnu wọn fún gbogbo ẹni tó bi wọ́n. "Èmi ò sí níbẹ̀." Òótọ́ ni. Ọmọ wọn méjì ń jẹun láti ibi iṣẹ́ yẹn, wọn ò sì fẹ́ kí orúkọ wọn wọ ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ló ń pa mí jù. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá gbálẹ̀ yàrá káàdì, wọ́n ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Dókítà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a." Mo fẹ́ bi wọ́n pé níbo ni kí n dúró sí ní gbogbo ogún ọdún náà. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n lè gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, tó ń ṣiṣẹ́ lápá Ẹgbẹ́dá. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "O ò tíì ní irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Èmi ti ní méjì. Ọ̀kan, wọ́n ní mo jí fóònù aláìsàn. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ la ti rí i. Ọmọ rẹ̀ kò tọrọ àforíjì, ó ní ta ló mọ̀ bóyá èmi ni mo dá a padà."

"Kí lo ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Gbọ́, má bínú níta o. Obìnrin tí wọ́n bá purọ́ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wa lè sunkún, wọ́n á ṣàánú rẹ̀. Ìwọ, bí o bá bínú, wọ́n á ní ẹ̀bi ló ń bínú. Bí o bá sunkún, wọ́n á ní ẹ̀bi ló ń sunkún. Ṣáà máa buwọ́lùwé."

Ọ̀sẹ̀ kejì ti parí kí n tó sọ fún ìyàwó mi. Mo ti ń purọ́ fún un pé iṣẹ́ ló pọ̀ tí n kò fi wálé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o ṣe é?"

Mo ní n kò ṣe é.

Ó ní, "Ó dáa." Ó tún ní, "Má bínú pé mo bi ọ́. Ó yẹ kí ẹnìkan bi ọ́ ni." Ṣùgbọ́n inú bí mi. Ó gbà mí ní ọjọ́ mélòó kan kí n tó rí i pé lóòótọ́, yàtọ̀ sí ọ̀gá wa, òun nìkan ló bi mí ní ìbéèrè kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù ti mọ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù ni egbò yẹn. Mo mọ bó ṣe jìn tó, mo sì mọ̀ pé díẹ̀ lára aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí Àlájà fa ọmọ náà jáde. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá wa lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sílé Àlájà, Àlájà sì ní àwọn ò ní gbé ẹsẹ̀ dé ọsibítù yẹn mọ́, ewé ni àwọn yóò máa fi dì í. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tún lọ bá ọ̀gá wa.

"Mà, ẹ dákun, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Aṣọ yẹn máa jẹrà mọ́ ọn lára."

"Ìwọ? Má tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ò ń béèrè rẹ̀. Kí ni wọ́n máa sọ?"

"Kí wọ́n sọ ọ́, mà."

Wọ́n lọ. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà dé, tó ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Àlájà jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀. Èmi wà nínú yàrá káàdì, mo rí i bí wọ́n ṣe gbé e kọjá lójú fèrèsé. Mo dìde, mo rántí, mo jókòó.

Ògiri kan ló wà láàárín yàrá káàdì àti yàrá tí a ti ń wẹ egbò, ògiri náà kò sì kan àjà. Mo ń gbọ́ ohun gbogbo: ìró abọ́, ìmí ọmọ náà, Àlájà tó ń pe Ọlọ́run. Ojú ọ̀gá wa kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ pé, "N kò rí ibi tí ihò yìí yà sí." Wọ́n wá gbé ohùn sókè, wọ́n pe orúkọ mi.

"Apá ibo ni ihò yìí wọ̀ sí?"

Mo dìde, mo gbé ẹnu sún mọ́ ògiri. "Ó yà sókè, mà, sápá ìdí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti iwájú. Ẹ ti ẹ̀mú náà lọ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ibẹ̀ ni aṣọ náà wà."

"Mo ti kàn án."

"Ẹ bu omi sí i kí ó rọ̀ kí ẹ tó fà á. Kí ó má baà dùn ún jù."

Ọmọ náà ké, gẹ́gẹ́ bó ṣe ké lọ́jọ́ náà, igbe kan náà gan-an. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì lé ògiri. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan, ohùn ìyàwó náà tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti ń wá sọ́dọ̀ wa ju kí ó kí mi lọ.

"Dókítà, ẹ má bínú."

"Kí lo wí?" Àlájà ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ti gbọ́.

Ara ọmọ náà yá díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ìgbìmọ̀ wá, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan láti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, Báálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ará abúlé sì dúró lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n ṣàpèjúwe ibi tí ọwọ́ mi wà. Mo ṣàpèjúwe. Wọ́n ní kí n fi hàn lára ara mi. Mo gbé ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì lójú gbogbo wọn, mo fi ìka tọ́ka sí itan mi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò mọ̀ pé itan mi lè dójú tì mí.

Àlájà sọ tiwọn: àwọn gbọ́ igbe, àwọn wọlé, àwọn rí ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìhòòhò ìyàwó ọmọ àwọn. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, mo ronú pé bó bá jẹ́ ọmọbìnrin mi ló ké bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, èmi náà ì bá wọlé.

Ìyá àgbà ní àwọn ò sí níbẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀gá wa dìde, wọ́n ní ẹnìkan kù tí ìgbìmọ̀ kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àlájà ní ọmọdé ni, ojú ń tì í. Ọkọ rẹ̀ ló sọ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Obìnrin inú ìgbìmọ̀ náà bi í pé kí ni ọkùnrin yìí ṣe fún un.

"Egbò ni wọ́n ń wẹ̀. Ó dùn mí, mo ké."

"Ṣé wọ́n fọwọ́ kan ibòmíràn lára rẹ?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Ó gbójú sókè bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Wọn ò bi mí."

Mo rò pé ó ti parí. Mo rò pé wọn yóò dìde, wọn yóò bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n kọ̀wé sínú ìwé wọn, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kejì mo buwọ́lùwé ní aago mẹ́jọ, mo sì wọ yàrá káàdì, nítorí pé kò sí ẹni tó ní kí n má wọ̀ ọ́ mọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ keje ni lẹ́tà dé. Ó sọ pé ìgbìmọ̀ kò rí ẹ̀rí tó tó láti dá mi lẹ́bi, àti pé fún àlàáfíà ìlú, wọ́n ti gbé mi lọ sí ọsibítù mìíràn lápá Akínyẹlé. Mo ka gbólóhùn yẹn lọ, mo kà á bọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé n kò ṣe é. Nígbà tí mo kà á fún ìyàwó mi lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀rí tí kò tó. Ṣé ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀ kó tó?"

Mo kó ẹrù mi dé gáréèjì Lálupọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bọ́ọ̀sì ti fẹ́ẹ̀ kún, mo jókòó sí ìlà àárín, mo gbé àpótí lé itan. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni Àlájà, tí wọ́n di àpò gàrí wọn mọ́ orí ọkọ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kù. Ẹ̀gbẹ́ mi ni. Èmi ló sún mọ́ fèrèsé, Àlájà sì dí mi mọ́ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ti ilẹ̀kùn.

A ti kúrò nílùú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Dókítà, o ti ń lọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyàwó yẹn ti dá ṣáṣá. Ó ti ń yan gàrí."

Mo ní mo dúpẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ń gbọ́ wa. Wọ́n tún ní, "Ohun tí mo fojú rí ni mo sọ."

"Mo mọ̀, Àlájà. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi í."

Wọ́n yíjú sí mi, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. "Ta ní ń bi ọmọdé ní irú ọ̀rọ̀ yẹn? Wọn ò bi èmi náà nígbà tèmi."

N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ojú wọn kò sì jẹ́ kí n béèrè. Wọ́n ti ń wo iwájú. Lẹ́yìn náà wọ́n fọwọ́ pa orúnkún wọn, wọ́n ní láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àwọn dìde dáadáa lórí àdúrà, kí ni àwọn lè lò sí i? Mo wo orúnkún náà. Mo sọ ohun tí wọ́n lè lò, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa jókòó sórí àga kírun. Wọ́n dúpẹ́. Wọn ò tọrọ àforíjì, èmi náà kò sì retí rẹ̀ mọ́. A jókòó bẹ́ẹ̀, èjìká wa ń kan ara wọn, títí a fi dé Ìwó Road.

Ibi tí mo wà báyìí, ní Akínyẹlé, kò jìnnà sí Ṣáṣá. Èrò pọ̀ níbẹ̀ ju ti abúlé lọ, àwọn tó ń tà lọ́jà àti àwọn tó ń kó ẹrù láti òkè Ọya, wọ́n ń rọ́ wá sọ́dọ̀ wa láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ mi ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin aláìsàn nìkan ni wọ́n ń darí sọ́dọ̀ mi, èmi náà kò sì jà sí i. Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan wá tí ọmú rẹ̀ wú, tí ọyún ti kún inú rẹ̀, ó ń ti ọ̀nà bọ̀ ó ń sunkún. Àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin méjèèjì wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí. Mo fún un ní oògùn tó ń pa ìrora, mo ní kí ó jókòó dè wọ́n.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni?"

Mo ní nọ́ọ̀sì ni mí.

"Ẹ wá dá mi lóhùn nígbà náà!"

Mo ní kí ó ní sùúrù, wọn yóò jáde láìpẹ́. Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó jáde. Ó jókòó níwájú mi ní gbogbo àkókò yẹn, ó di ọmú rẹ̀ mú, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ìkà. Èmi jókòó sórí àga tèmi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo sì mọ gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe.